Ohun Ìpara Ilẹ̀ Kòríà àti Japan: Àkọlé Ara Ìgò Ló Yẹ Kí Arìnrìn-àjò Kà Kó Tó Sanwó

Ní ayé òde òní, ọmọ Nàìjíríà tó bá rìnrìn àjò lọ sí ìlú Seoul ní Gúúsù Kòríà, tàbí sí ìlú Tokyo ní ilẹ̀ Japan, kì í sábà padà wálé lọ́wọ́ òfo. Láàrin àwọn ohun tó máa ń wà nínú àpótí ẹrù rẹ̀, ohun ìpara ojú àti ti ara ti gba ipò iwájú. Ní àdúgbò Myeong-dong ní Seoul, ilé ìtajà ohun ìṣaralóge kún ojú pópó lọ́tùn-ún lósì. Ní Tokyo, àwọn ilé ìtajà oògùn bíi Matsumoto Kiyoshi ń ta ìpara lẹ́gbẹ̀ẹ́ oògùn ẹ̀fọ́rí àti ti ikọ́. Òwò náà ti di ńlá débi pé ní ọdún 2024, iye ohun ìṣaralóge tí Gúúsù Kòríà tà sí òkè òkun lé ní bílíọ̀nù 10 owó dọ́là Amẹ́ríkà.

Kò sí ohun tó burú nínú kí ènìyàn ra ohun tó dára níbi tó ti rí i. Ohun tó yẹ kó kọni lóminú ni ìdí tí àwọn kan fi ń ra àwọn ìpara wọ̀nyí. Bí ojú wọn bá ti bá ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí “funfun” lára páálí, wọn kò ní béèrè ohun mìíràn mọ́ kí wọ́n tó kó o sínú agbọ̀n. Èyí lè sọ ẹ̀bùn ìrìn àjò di àìsàn. Ohun tó yẹ kí arìnrìn-àjò wá ni èyí tí yóò dáàbò bo àwọ̀ tí wọ́n bí i mọ́, kì í ṣe èyí tí yóò pààrọ̀ rẹ̀. Kó tó lè fi ìyàtọ̀ sí méjèèjì, àfi kó ka àkọlé ara ìgò.

Láti ìgbà pípẹ́ ni ìpara àti oògùn ti jọ ń rìn pọ̀ ní ilẹ̀ Japan. Iléeṣẹ́ Shiseido tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilé ìtajà oògùn ní àdúgbò Ginza ní Tokyo ní ọdún 1872. Títí di òní, òfin ilẹ̀ náà ní ìsọ̀rí kan tó wà láàrin ìpara lásán àti oògùn gan-an. Bí ènìyàn bá rí àkọlé 医薬部外品 lára ìgò, ìsọ̀rí yìí ló wà. Èròjà kan wà nínú rẹ̀ tí ìjọba fọwọ́ sí fún iṣẹ́ pàtó. Gúúsù Kòríà náà ní irú ìsọ̀rí bẹ́ẹ̀ fún ìpara tó ń dènà oòrùn, èyí tó ń dín àpá dúdú kù àti èyí tó wà fún ojú híhunjọ, lábẹ́ àbójútó iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ààbò oúnjẹ àti oògùn.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ náà “funfun” lára ìpara àwọn orílẹ̀-èdè wọ̀nyí ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Ní Japan, ohun tí òfin gbà kí irú ìpara bẹ́ẹ̀ ṣèlérí ni pé yóò dènà àpá dúdú tí oòrùn máa ń fà. Ní Kòríà, lára èròjà tí ìjọba fọwọ́ sí fún iṣẹ́ yìí ni niacinamide àti arbutin, ìwọ̀n ìdá 2 sí ìdá 5 nínú 100 ni wọ́n sì gbà láàyè fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó wà fún sísọ aláwọ̀ dúdú di aláwọ̀ funfun. Ẹni tó bá ra ìgò 10 nítorí èyí ti fi owó rẹ̀ ṣòfò. Bí ó bá sì ń pa á léra wọn kó lè tètè ṣiṣẹ́, ó ń fi awọ ara rẹ̀ wewu. Aláṣejù, pẹ́rẹ́ ní í tẹ́.

Àwọn ará Japan fúnra wọn kọ́ ẹ̀kọ́ tó korò lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 2008, ìjọba fọwọ́ sí èròjà kan tí wọ́n ń pè ní Rhododenol, èyí tí iléeṣẹ́ Kanebo ń lò nínú àwọn ìpara tó ń mú awọ mọ́lẹ̀. Nígbà tó yá, àmì funfun bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lójú, lọ́rùn àti lọ́wọ́ àwọn kan tó ń lò ó. Ní oṣù Keje ọdún 2013, iléeṣẹ́ náà kó oríṣi ọjà 54 kúrò lórí àtẹ. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn lé ní 19,000. Ìwádìí fi hàn pé bí èròjà náà bá wọ inú awọ ara, ó lè yí padà di ohun tó ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń fún awọ ní àwọ̀ rẹ̀. Àwọn kan rí àwọ̀ wọn padà lẹ́yìn tí wọ́n jáwọ́, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo wọn.

Ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí ṣe kedere. Iléeṣẹ́ ńlá ni, ìjọba fọwọ́ sí i, síbẹ̀ ewu wà nínú rẹ̀. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó gbé nítòsí ilé ìwòsàn tó mọ ìtọ́jú rẹ̀, kí ni ká wá sọ nípa ẹni tó gbé ìpara náà lọ sí Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́, tí kò lè ka èdè tí wọ́n fi kọ ọ́, tí kò sì mọ ẹni tí yóò pè bí ara rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í yún?

Ọ̀rọ̀ ara bíbó kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ní Nàìjíríà. Ní oṣù Kejì ọdún 2023, NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, kéde pé lílo ìpara tó ń bó ara ti di ewu pàjáwìrì fún ìlera orílẹ̀-èdè yìí. Mákúrí tó wà nínú irú àwọn ìpara kan lè ba kíndìnrín jẹ́. Bí ènìyàn bá sì lo ìpara tó ní èròjà steroid fún ìgbà pípẹ́ láìjẹ́ pé dókítà pàṣẹ rẹ̀, awọ ara yóò fẹ́lẹ́, ọgbẹ́ kò sì ní í tètè jinná. Ohun ìbànújẹ́ ni pé àwọn Yorùbá tó ń pe arẹwà ní “adúmáadán” láti ayébáyé ti wá ní ọmọ tó ń wo dúdú ara rẹ̀ bí àbùkù. Tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá dé Seoul, èrò ọkàn rẹ̀ ni yóò bá a rajà.

Kí ni ó wá yẹ kó rà? Ìpara tó ń dènà oòrùn ló yẹ kó ṣáájú. Ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú ló kórìíra irú ìpara yìí nítorí pé ó máa ń fi ojú sílẹ̀ ní funfun bí ẹni tó ra ẹfun. Àwọn ará Japan àti Kòríà ti ṣe èyí tó fúyẹ́ bí omi, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í hàn lójú. Lóòótọ́, awọ dúdú ní ààbò tirẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn, ṣùgbọ́n oòrùn a máa mú kí àpá irorẹ́ àti àwọn àmì dúdú mìíràn pẹ́ lójú. Ẹni tó ń náwó lórí ìpara apàpá láìdènà oòrùn ń pọn omi sínú ajádìí agbọ̀n ni.

Àmì méjì ni kí ó wò lára irú ìpara bẹ́ẹ̀. Èkíní ni SPF, tó ń sọ agbára ìpara lórí ìtànṣán tó ń jó awọ ara. Bí a bá lò ó bó ṣe yẹ, SPF 30 ń dènà nǹkan bí ìdá 97 nínú 100 ìtànṣán náà, SPF 50 sì ń dènà nǹkan bí ìdá 98. Èkejì ni PA, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní Japan ní ọdún 1996 fún ìtànṣán tó ń wọ inú awọ lọ jìnnà. Bí àmì àròpọ̀ tó wà lẹ́yìn PA bá ṣe pọ̀ tó ni agbára rẹ̀ ṣe pọ̀ tó; mẹ́rin ló ga jù. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá fi ín-ín-ín pa á, kò ní rí ààbò tí wọ́n kọ sára ìgò. Ẹni tó wà nínú oòrùn gbọ́dọ̀ tún un pa lẹ́yìn wákàtí méjì-méjì.

Síbẹ̀, a kì í gba gbogbo ohun tí ìgò bá sọ gbọ́ láìwádìí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Yúróòpù lórí ìpara kan láti iléeṣẹ́ Purito ti Kòríà fi hàn pé nǹkan bí SPF 19 ló ní, bẹ́ẹ̀ ohun tó lé ní 50 ni wọ́n kọ sí i lára. Iléeṣẹ́ náà dá títà rẹ̀ dúró. Ó tún yẹ kí àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Amẹ́ríkà mọ̀ pé oògùn ni òfin ibẹ̀ ka ìpara adènà oòrùn sí. Nítorí náà, èyí tí wọ́n ń tà níbẹ̀ lè yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń tà ní Seoul, bí orúkọ wọn tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà.

Bí ẹnì kan bá sì wà nínú ẹbí tí irú ẹ̀bùn yìí tọ́ sí ju gbogbo wọn lọ, àfín ni. Awọ ara rẹ̀ kò ní ààbò tó tó lọ́wọ́ oòrùn, àrùn jẹjẹrẹ awọ ara sì jẹ́ ọ̀kan lára ohun tó ń gba ẹ̀mí àwọn àfín ní Áfíríkà. Owó ìpara adènà oòrùn kò sì rọrùn fún ọ̀pọ̀ wọn. Arìnrìn-àjò tó fi ìgò márùn-ún irú ìpara yìí sínú àpótí fún ọmọ àfín inú ẹbí rẹ̀, pẹ̀lú fìlà tó gbòòrò, ti ṣe ohun tó ju ẹ̀bùn lọ.

Àwọn ohun mìíràn tún wà tí ó máa ń ṣi arìnrìn-àjò lọ́nà. Ohun tí wọ́n ń pè ní “lotion” ní Japan kì í ṣe ìpara tó ki bí èyí tí wọ́n mọ̀ ní Nàìjíríà. Omi ni, wọ́n sì ń fi ra ojú lẹ́yìn tí wọ́n bá bọ́jú tán. Èyí tó sún mọ́ ìpara ni wọ́n ń pè ní “emulsion” tàbí “milk”. Bákan náà, bí a ṣe ń ṣe níbí, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Ìpara tó ki tí wọ́n ṣe fún òtútù gbígbẹ ilẹ̀ Seoul lè dára ní àsìkò ọyẹ́, ṣùgbọ́n nínú ooru Èkó ó lè dí ojú ihò ara, kí irorẹ́ sì yọ. Kò sì pọn dandan kí ènìyàn to ìpara 10 lé ara wọn lójú kan ṣoṣo. Ohun ìbọ́jú tí kò le, ìpara tó ń mú ara tutù àti èyí tó ń dènà oòrùn tó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sára ìgò pẹ̀lú ń fẹ́ àkíyèsí. Ọdún ló máa ń ṣáájú, kí oṣù àti ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Lára ọjà Kòríà, bí 제조 bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ náà, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é ni. Bí ó bá jẹ́ 까지, ọjọ́ tí lílò rẹ̀ yóò dópin ni. Ní Japan, òfin kò sọ ọ́ di dandan láti tẹ ọjọ́ ìparí sára ìpara tó lè lò ju ọdún 3 lọ láìbàjẹ́ bí a kò bá tíì ṣí i. Fún ìdí èyí, kò bọ́gbọ́n mu láti rà á pamọ́ fún ọdún gbọọrọ, pàápàá nínú ilé tó gbóná.

Kí arìnrìn-àjò tó ra ìpara púpọ̀, kí ó kọ́kọ́ ra ìgò kékeré kan, kí ó pa á sí apá kan ṣoṣo fún ọjọ́ mélòó kan. Ìdánwò yìí kan omi ara ìgbín tí àwọn ará Kòríà ń lò nínú ìpara pẹ̀lú. Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ̀ ni àwọn Yorùbá ka omi ìgbín sí, ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ ẹ̀rọ̀ fún ẹnì kan lè mú kí ara ẹlòmíràn yún. Bí ara bá yún, tó pọ́n tàbí tó sú, kí ó jáwọ́ lójú ẹsẹ̀, kí ó sì rí dókítà. Kí ó má sì ṣe fún aláboyún ní ìpara tó ní retinol, nítorí àwọn oníṣègùn gba aláboyún nímọ̀ràn láti yẹra fún un. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi ìpara wọ̀nyí ṣòwò nílé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi orúkọ wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ NAFDAC.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó yẹni ló yẹni, okùn ọrùn kò yẹ adìyẹ. Awọ dúdú tó dán, tí kò ní ọgbẹ́, tí oòrùn kò sì rí bà jẹ́, ni ó yẹ ọmọ Yorùbá níbikíbi tó bá rìn dé. Bí ìgò kan láti Seoul tàbí Tokyo bá lè ràn án lọ́wọ́ láti tọ́jú rẹ̀, kí ó sanwó rẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé àwọ̀ náà gan-an ni ìgò náà fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó dá a padà sórí pẹpẹ. Ìlera loògùn ọrọ̀.