Iṣẹ́ Lè Rìn, Ohùn Wa Ńkọ́?



Ní àyíká Thamesmead Town Centre, a ní àwọn ọ̀dọ́ tí kì í wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ mọ́. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń jẹun. Ọ̀gá wọn wà lókèèrè, àwọn náà sì lè kó ẹrù lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn lóṣù tó ń bọ̀. Ìjọba púpọ̀ ti ṣílẹ̀kùn fún wọn. Lọ́dún 2020, Estonia dá físà kan sílẹ̀ tó fún irú wọn láàyè láti gbé ibẹ̀ fún ọdún kan. Ṣùgbọ́n físà náà kò sọ wọ́n di ọmọ onílùú. Ìlú ń gba owó wọn, kò gba ìmọ̀ràn wọn.

Ilé ńkọ́? Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 gba ẹni tí a bí ní ọmọ Nàìjíríà láàyè láti jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè mìíràn pẹ̀lú. Síbẹ̀, nínú ìdìbò ọdún 2023, ẹni tó wà lẹ́yìn odi kò lè dìbò láti ibi tó wà. Ẹni tó ń ká ayé kiri lè tipa báyìí di ẹni tí kò ní ohùn níbì kankan.

Tiwa níhìn-ín yàtọ̀. Nítorí pé Nàìjíríà wà nínú àjọ Commonwealth, ọmọ Nàìjíríà tó pé ọdún 18, tó ń gbé London pẹ̀lú ìwé ìgbélùú tó bófin mu, lè dìbò sí káńsù àti sí ilé aṣòfin, bí kò tilẹ̀ tíì gba ìwé ìrìnnà Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn kan ń sọ pé, “Àlejò ni wá, kò kàn wá.” A kò fara mọ́ ọn. Àlejò tó ń san owó káńsù, tí ọmọ rẹ̀ ń lọ sílé ìwé ìlú, ọ̀rọ̀ ìlú ti kàn án.

Nígbà tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà máa bá a, dé Madinah lọ́dún 622, ó ṣe àdéhùn tó so àwọn tó ṣí wá, àwọn onílé àti àwọn Yahudi ìlú náà pọ̀ láti jọ dáàbò bo ìlú. Ẹrù ìlú tí wọ́n jọ rù ló sọ wọ́n di ará ìlú kan náà.

Ẹni tó bá fẹ́ rìn, kó máa rìn. Ọ̀nà ọlà gbòòrò. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí a bá ń gbé ibí, ẹ jẹ́ kí a forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Greenwich àti Bexley ló pín Thamesmead láàárín ara wọn. Kí oníkálukú mọ èyí tó ni àdúgbò rẹ̀. Kí Ọlọ́hun fi wá ṣe àǹfààní fún ibi tí a bá wà. Àmín.