Ìdọ́gba Nínú Ilé Àjọgbé: Àpẹẹrẹ Ilé Òkúta Méjì ní Glasgow

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Bí ọ̀rọ̀ oúnjẹ ti rí, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ibùgbé. Bí ìdílé méjì bá jọ lo ògiri kan, kì í pẹ́ tí ọ̀kan yóò fi máa ṣe bí onílé, tí èkejì yóò sì dà bí ẹni tí ó sá di í. Ilé òkúta méjì tí Alexander Thomson yàwòrán wọn sí Langside, ní ìlú Glasgow, ilẹ̀ Scotland, fi hàn pé ọgbọ́n ayàwòrán-ilé lè dènà èyí.

Láàárín ọdún 1856 sí 1857, ní ayé Ọbabìnrin Victoria, ni wọ́n kọ́ wọn. Àṣà tí ó gbilẹ̀ nígbà náà ni pé, bí ilé méjì bá so pọ̀, ọ̀kan yóò dà bí àwòrán èkejì nínú dígí. Ẹni tí ó bá rí wọn yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ilé kan ni wọ́n là sí méjì. Thomson kọ àṣà yìí. Àwòrán kan náà ni ó lò fún méjèèjì, ṣùgbọ́n ó yí ọ̀kan padà, tí iwájú rẹ̀ fi bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn èkejì. Ibi yòówù tí ènìyàn bá dúró sí, iwájú ilé kan àti ẹ̀yìn èkejì ni yóò rí, wọn yóò sì jọ ilé ńlá kan ṣoṣo lójú rẹ̀. Láàárín ìbejì, Táyé ni ó ń kọ́kọ́ dé, Kẹ́hìndé ni wọ́n sì ń pè ní ẹ̀gbọ́n. Nínú ìbejì olókùúta yìí, kò sí àkọ́dé, kò sí ẹ̀gbọ́n.

Thomson fẹ́ràn iṣẹ́ àwọn Gíríìkì ìgbàanì débi pé “Greek” di ìnagijẹ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò dé ilẹ̀ wọn rí. Síbẹ̀, kì í ṣe àdàkọ lásán ni ó ṣe. Ẹ̀yìn òpó òkúta ni ó fi gíláàsì fèrèsé sí, kò há a sí àárín wọn. Bí ọ̀rọ̀ àyálò ṣe ń gba ohùn èdè tí ó yá a, bẹ́ẹ̀ ni òpó àtijọ́ gba ìṣe tuntun.

Ẹnìkan lè jiyàn pé ìdọ́gba náà kò pé, nítorí pé oòrùn kì í dé iwájú ilé méjèèjì lásìkò kan náà. Òtítọ́ ni. Àṣà àwòrán inú dígí ìbá fún wọn ní oòrùn kan náà. Ṣùgbọ́n ohun tí Thomson fún wọn ju oòrùn lọ: ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ẹnu-ọ̀nà tirẹ̀ tí aládùúgbò kò dojú kọ, kò sì sí èyí tí àlejò lè pè ní ààbọ̀ ilé.

Ipò A, tí ó ga jù lọ nínú ìwé àwọn ilé tí òfin Scotland ń dáàbò bò, ni ilé méjèèjì wà. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà ilé kíkọ́ kò gbọdọ̀ fi mọ sí ààfin àti ilé ìjọsìn. Ibi tí àwọn ènìyàn ń sùn, tí wọ́n ń jí, ni iyì ọmọnìyàn ti ń fara hàn jù.