Ẹ má tíì dẹ́bi fún adìẹ ìbílẹ̀

Ní Kpingni àti láwọn abúlé tó wà láàárín òkè Ìdààṣà, agbo ilé tí adìẹ kì í jẹ̀ kiri nínú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Síbẹ̀ àwọn kan ń sọ pé adìẹ ìbílẹ̀ kì í yé tó adìẹ òyìnbó, ká kúkú tà wọ́n dànù. Èmi ò gbà. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀.

Ẹ bá mi ṣírò ọjọ́ rẹ̀. Ó máa ń yé ẹyin bíi 10 sí 15 kó tó sàba. Ó ń fi ọjọ́ 21 sàba. Lẹ́yìn náà, á máa da ọmọ kiri fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta, kò sì ní yé ẹyọ kan títí tó fi máa já wọn sílẹ̀. Ìgbà mẹ́ta sí mẹ́rin ló ń yé lọ́dún, ẹyin bíi 40 sí 60. Ọmọ títọ́ ló gba ọjọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe ọ̀lẹ.

Torí náà, bí adìẹ méjì bá pa ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ kó gbogbo ọmọ fún ọ̀kan, kí èkejì lè tètè padà sídìí yíyé. Bí àwọn ọmọ bá pé bí oṣù kan, ẹ gbà wọ́n lọ́wọ́ ìyá wọn, kí ẹ kó wọn sábẹ́ àgò níbi tí àṣá ò ti ní rí wọn gbé. Ikán dára fún wọn, owó kọ́ la sì fi ń rà á: ẹ fi omi rin pòpórò àgbàdo, ẹ rọ ọ́ sínú ìkòkò, ẹ da ojú rẹ̀ dé ibi tí ikán wà, ẹ ṣí i lọ́jọ́ kejì. Ní ti ìyá wọn, omi tútù ni kó kọ́kọ́ rí, torí omi ló pọ̀ jù nínú ẹyin. Ẹ tún gún ìkarahun ìgbín fún un, kí èèpo ẹyin lè le. Ẹ̀pà tó ti bu kì í ṣe oúnjẹ adìẹ o, májèlé ni.

Ṣùgbọ́n lùkúlùkú, tí àwọn dókítà ẹran ń pè ní Newcastle, ló ń dùn mí jù. Bí ọyẹ́ bá dé, ó lè gbá agbo ilé mọ́ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Kò ní ìwòsàn. Àjẹsára nìkan ló wà, èyí tí wọ́n ń kán sójú adìẹ ní ẹ̀kán kan, tí wọ́n sì ń tún un ṣe ní oṣù mẹ́rin mẹ́rin. Ìgò kan máa ń tó ọ̀pọ̀lọpọ̀ adìẹ, ìyẹn ló fi ń wọ́n lójú ẹni tó ní márùn-ún péré. Kí ló dé tí agbo ilé mẹ́wàá ò lè dáwó jọ, kí wọ́n ra ìgò kan, kí dókítà ẹran sì wá lọ́jọ́ kan ṣoṣo? Àwọn olórí abúlé ló yẹ kó pe ìpàdé yìí, kí òjò tó dáwọ́ dúró.

Ẹ̀yin oníṣòwò náà, ọ̀rọ̀ yín wà níbẹ̀. Bí adìẹ kan bá kú nílé, a máa ń sáré kó ìyókù lọ sọ́jà. Ẹni tó bá rà wọ́n ti ra àrùn náà lọ sílé, agbọ̀n tí ẹ fi kó wọn á sì gbé e padà wá fún yín.