ÌRUN MÉLÒÓ NI YÓÒ BỌ́ SÍNÚ ÌRÌN-ÀJÒ YÌÍ?



Bí àsìkò Haji bá ti ń súnmọ́, ìbéèrè kan ni àwọn tí kò lọ rí máa ń bi àwọn ààfáà wa: “Wákàtí mélòó ni a ó lò lójú òfurufú?” Ìdáhùn rẹ̀ kò ṣòro. Láti Ìkẹjà dé Jídà tó nǹkan bíi 4,200 kìlómítà, èyí tíí ṣe 2,600 máìlì. Bí ọkọ̀ bá gba ọ̀nà tààrà, yóò fò ó ní bíi wákàtí márùn-ún ààbọ̀.

Ṣùgbọ́n oníṣòwò gidi kì í bèèrè iye ọjà nìkan. Ó ń bèèrè owó ọkọ̀ àti owó aláàárù pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí a bèèrè pé: ìrun mélòó ni yóò bọ́ sínú wákàtí wọ̀nyí?

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Agogo Jídà fi wákàtí méjì ṣáájú ti Èkó. Bí ọkọ̀ bá gbéra ní agogo méjìlá ọ̀sán, Àìlà kò tíì wọlé ní Èkó. Nígbà tí ó bá fi máa balẹ̀, agogo márùn-ún ààbọ̀ ni ti ọwọ́ wa yóò máa wí. Ṣùgbọ́n ní Jídà, agogo méje ààbọ̀ alẹ́ ti lù, oòrùn ti wọ̀. Àìlà àti Alàásárì ti kọjá lọ lójú òfurufú! Ẹni tí ó ní, “Ìgbà tí mo bá dé ni n ó kírun” ti pàdánù méjèèjì. Àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́.

Àwọn baba wa tí wọ́n fẹsẹ̀ rìn gba Kánò àti Súdánì dé etí Òkun Pupa lo oṣù, àwọn mìíràn lo ọdún, ṣùgbọ́n wọ́n ń fi ojú ara wọn rí oòrùn. Àwa ń wo agogo ọwọ́, agogo ọwọ́ sì ń tàn wá.

Wákàtí náà gan-an kò dúró lójú kan. Lọ́dún 2023, nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Súdánì tí wọ́n sì ti ojú òfurufú ibẹ̀ pa, ọkọ̀ àwọn oníHaji wa ní láti yí ọ̀nà gbà, ìrìn-àjò sì gùn sí i.

Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin Lèmọ́mù, ẹ kọ́ àwọn èrò Haji ní èyí nínú mọ́sálásí kí wọ́n tó gbéra. Kí wọ́n ṣe àlùwàlá kí wọ́n tó wọ ọkọ̀. Ẹ̀sìn gba arìnrìn-àjò láyè láti dín ìrun onírákà mẹ́rin kù sí méjì, kí ó sì pa Àìlà pọ̀ mọ́ Alàásárì. Bí àyè ìdúró kò bá sí, kí ó jókòó kí i.

Ilé Ọlọ́run ni à ń lọ. Ẹ má jẹ́ kí a sọ ìrun Ọlọ́run nù sójú ọ̀nà. Kí Ọba Òkè jẹ́ kí a lọ ire, kí a bọ̀ ire. Àmín.