Akíkanjú Tó Mọ Ogun-ún Jà, Tó sì Mọ Ogun-ún Sá

Àwa tí a fi èdè Faransé kàwé mọ ohun tí wọ́n ń pè ní écurie: ilé ẹṣin ni. Orúkọ kan náà ni àwọn Faransé fún ẹgbẹ́ tó ń kó ọkọ̀ lọ síbi eré ìje, nítorí pé ẹṣin ni aráyé kọ́kọ́ fi ń díje kí mọ́tò tó dé. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn écurie tí òkìkí wọn kàn jù lọ kì í ṣe ti ilẹ̀ Faransé. Edinburgh, olú-ìlú Skọ́tlándì, ni oníṣòwò kan tó tún jẹ́ awakọ̀ eré ìje, David Murray, àti Wilkie Wilkinson tó mọ iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì, ti dá Ecurie Ecosse sílẹ̀ ní 1951. Ibùdó wọn wà ní Merchiston Mews, ọ̀kan nínú àwọn òpópónà kékeré tí wọ́n kọ́ fún ẹṣin láyé àtijọ́. Orúkọ náà bá ibùgbé rẹ̀ mu. Wọ́n fi àwọ̀ aró kun àwọn ọkọ̀ wọn, wọ́n sì fi àgbélébùú Anderu Mímọ́, èyí tó wà lára àsíá ilẹ̀ wọn, ṣe àmì sí wọn lára.

Ní Le Mans, ní ilẹ̀ Faransé, ọkọ̀ máa ń sáré fún odindi wákàtí 24. Nígbà náà, awakọ̀ méjì ni í máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, tọ̀sán-tòru. Ní 1955, ọkọ̀ kan já wọ àárín èrò ìwòran níbẹ̀, èèyàn tó lé ní 80 sì kú. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Ecurie Ecosse gbé Jaguar kan lọ, irú èyí tí wọ́n ń pè ní D-type. Ron Flockhart, ọmọ Edinburgh, àti Ninian Sanderson, ọmọ Glasgow, ni wọ́n wà á. Ilé-iṣẹ́ Jaguar fúnra rẹ̀ gbé ọkọ̀ mẹ́ta wá. Jàǹbá mú méjì kúrò nígbà tí eré ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, epo sì kọ̀ láti ṣàn dáadáa fún ẹ̀kẹta. Ọkọ̀ aláró láti Edinburgh ló gbégbá orókè, ó fi Aston Martin tí Stirling Moss àti Peter Collins ń wà sẹ́yìn. Ní 1957, wọ́n tún padà lọ. Flockhart àti Ivor Bueb ṣe ipò kìíní, Sanderson àti John Lawrence ṣe ipò kejì. Ẹgbẹ́ kékeré láti òpópónà ẹṣin ti ṣe ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń wá.

Ní 2016, wọ́n lu ọkọ̀ tó borí ní 1956 náà ní gbàǹjo ní Monterey, ní Amẹ́ríkà. Ó lé ní mílíọ̀nù 21 dọ́là. Owó náà pọ̀, kò sì yani lẹ́nu, nítorí ọkọ̀ náà rẹwà, ó sì ní ìtàn. Ṣùgbọ́n àwọn tó jókòó sínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Bueb kú ní 1959 lẹ́yìn jàǹbá eré ìje ní Clermont-Ferrand. Flockhart kú ní 1962 nínú ọkọ̀ òfurufú tó ń wà ní Ọsirélíà. Nítorí náà, ẹni tó bá dúró níwájú mọ́tò àtijọ́, kó má wo dídán ara rẹ̀ nìkan. Kó wo inú rẹ̀ pẹ̀lú. Kò sí bẹ́líìtì tó de awakọ̀ mọ́ ìjókòó. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni epo wà. Akoto tó dé kò bo ojú. Láyé ìgbà náà, ẹni tó bá gbéra lọ síbi eré, ìyàwó rẹ̀ kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé yóò padà wálé.

Ọkùnrin méjì ni a óò fi ṣàlàyé ohun tí a ní lọ́kàn. Èkíní ni Jim Clark, ọmọ àgbẹ̀. Wọ́n bí i ní Kilmany, ní agbègbè Fife, ní 1936. Oko Edington Mains, nítòsí ibi tí Skọ́tlándì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti pààlà, ló ti dàgbà láàárín àgùntàn àti màlúù. Ó ní ẹ̀gbọ́n obìnrin mẹ́rin, òun nìkan sì ni ọkùnrin. Àwọn òbí rẹ̀ kò fẹ́ kí ó bá eré ìje lọ rárá. Ṣùgbọ́n nítòsí ilé wọn, ní Charterhall, pápá ọkọ̀ òfurufú ológun kan wà tí wọ́n ti sọ di ọ̀nà ìje, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì kúrò níbẹ̀. Ní 1963, ó borí nínú eré 7 nínú 10, ó sì gba adé àgbáyé. Ní 1965, ó tún gba adé náà, ó kọjá sí Amẹ́ríkà, ó sì borí ní Indianapolis, níbi tó ti wà níwájú fún ìyípo 190 nínú 200. Eré ńlá 72 ló sá láyé rẹ̀, ó borí nínú 25.

Ní 7 oṣù kẹrin 1968, ó lọ sí Hockenheim, ní Jámánì, fún eré tí kò tilẹ̀ sí lára ìdíje adé àgbáyé. Ọkọ̀ rẹ̀ yà kúrò lójú ọ̀nà, ó sì lọ forí sọ igi. Kò sí irin ìdábùú kankan láàárín ọ̀nà àti igbó. Ọmọ ọdún 32 ni. Lára òkúta ibojì rẹ̀ ní Chirnside, àgbẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ kọ kí wọ́n tó kọ awakọ̀.

Èkejì ni ọ̀rẹ́ rẹ̀, Jackie Stewart. Wọ́n bí i ní 1939 ní Milton, nítòsí Dumbarton, níbi tí ìdílé rẹ̀ ti ní gáráàjì. Ilé-ìwé jẹ́ ibi ìyà fún un. Ìwé kíkà kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn bí ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Òmùgọ̀ ni wọ́n ń pè é. Ó tètè kúrò níbẹ̀, ó bọ́ sídìí iṣẹ́ mẹkáníìkì. Ó ti lé ní ẹni 40 ọdún kí ó tó mọ̀, nígbà tí wọ́n ń yẹ ọmọ rẹ̀ wò, pé ohun tí Faransé ń pè ní dyslexie ló ń bá a jà: ọpọlọ rẹ̀ pé pérépéré, kíka ọ̀rọ̀ àti kíkọ ọ́ ni kò rọrùn fún un. Ẹ jẹ́ kí àwa olùkọ́ gbọ́ èyí dáadáa kí a tó tún pe ọmọ ẹnikẹ́ni ní olódo.

Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Jimmy, ẹ̀gbọ́n Stewart, ti sáré fún Ecurie Ecosse. Jackie náà wakọ̀ fún wọn kí ó tó bọ́ sí ìdíje adé àgbáyé ní 1965. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ní 12 oṣù kẹfà 1966, ó wà ní Spa, ní Bẹ́ljíọ̀mù. Ọ̀nà ìje náà gùn tó kìlómítà 14. Ní ìyípo àkọ́kọ́, òjò dé lójijì. Ọkọ̀ Stewart yọ̀, ó lu òpó, ó sì kó sẹ́bàá ilé oko kan. Irin ká a mọ́ inú rẹ̀, epo sì ń dà sí i lára. Bí iná bá ṣẹ́ pẹ́nrẹ́n, ọ̀rọ̀ parí. Kò sí oníṣègùn, kò sí panápaná, kò sí irinṣẹ́. Awakọ̀ méjì, Graham Hill àti Bob Bondurant, tí ọkọ̀ tiwọn náà yọ̀ níbẹ̀, ni wọ́n sáré wá. Ọwọ́ òǹwòran ni wọ́n ti yá sípánà kí wọ́n tó lè tú kẹ̀kẹ́ ìdarí tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 25 ló lò nínú epo yẹn. Nígbà tí ọkọ̀ aláìsàn sì gbé e nígbẹ̀yìn, ó tún ṣìnà kí ó tó dé Liège.

Láti ìgbà náà, Stewart kì í sáré láìso sípánà mọ́ ọkọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò mọ sí ti ara rẹ̀. Ó ní kí bẹ́líìtì wà. Kí akoto bo gbogbo orí àti ojú. Kí irin ìdábùú wà lẹ́bàá ọ̀nà. Kí dókítà àti panápaná wà nítòsí. Ní 1969, àwọn awakọ̀ kọ Spa sílẹ̀. Ní 1970, wọ́n kọ Nürburgring, títí wọ́n fi gbé eré náà lọ sí Hockenheim, ibi tí Clark kú sí gan-an, tí wọ́n ti fi irin ìdábùú sí báyìí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn bú u. Àwọn kan nínú àwọn tó ni ọ̀nà ìje, àwọn kan nínú oníwèé ìròyìn, àní àwọn òǹwòran, sọ pé ojo ni, pé ewu ni iyọ̀ inú eré. Ọkùnrin tó gba adé àgbáyé ní 1969, 1971 àti 1973, tó borí nínú eré ńlá 27, òun ni wọ́n ń pè ní ojo! Àwọn baba wa ti dá wọn lóhùn tipẹ́: akíkanjú tó mọ ogun-ún jà tí kò mọ ogun-ún sá, òun ni í bá ogun lọ. Stewart mọ méjèèjì. Ìgboyà kan wà tí a fi ń tẹ ẹsẹ̀ mọ́ iná ọkọ̀. Òmíràn wà tí a fi ń dìde láàárín àwọn ẹlẹ́gàn láti sọ pé ikú yìí kò pọn dandan. Lójú tiwa, ti kejì ló nira jù.

Ó kù díẹ̀ kí ó parí iṣẹ́. Nínú ẹgbẹ́ Tyrrell, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Paris kan, François Cevert, ń bá a wakọ̀, Stewart sì ń kọ́ ọ bí ẹ̀gbọ́n ti í kọ́ àbúrò. Watkins Glen, ní Amẹ́ríkà, ní 1973, ni ìbá jẹ́ eré ńlá ọgọ́rùn-ún Stewart. Ó ti pinnu ní ìkọ̀kọ̀ pé òun yóò fẹ̀yìn tì lẹ́yìn rẹ̀. Ní 6 oṣù kẹwàá, ọjọ́ tó ṣáájú eré, Cevert kú nígbà tí wọ́n ń dán ọ̀nà wò. Ọmọ ọdún 29 ni. Stewart kò sá eré ọgọ́rùn-ún náà. Ó dúró sí 99, kò sì padà sí ìdíje náà mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, láti Kétu dé Ṣábẹ̀ẹ́, láti Àjàṣẹ́ dé ìlú Togo, ọ̀pọ̀ yín ló ń gun alùpùpù lójoojúmọ́. A ń rí casque tó rọ̀ mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, tí kì í dé orí àfi bí ọlọ́pàá bá yọ lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹni tó bá dé e láti ilé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a ní ẹ̀rù ń bà á. Bí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ má jà, ẹ ka ọjọ́ orí fún wọn. Flockhart kú ní ẹni 38 ọdún, Bueb ní 36, Clark ní 32, Cevert ní 29. Akọni ni gbogbo wọn, kò sì sí ọ̀kan tó rí 40. Ẹni tí wọ́n pè ní ojo dàgbà kọjá 80, ó sì fojú rí àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀.