Ta Ni Yóò Ṣí Ìwé Màpó?

Bí ènìyàn bá dúró lórí àtẹ̀gùn Gbọ̀ngàn Màpó ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, tí ó kọjú sí ìsàlẹ̀, òrùlé páànù tí ó ti dípẹtà ni yóò kọ́kọ́ rí, òrùlé lórí òrùlé, láti Ọjà'ba títí lọ sí apá Bẹẹrẹ. Ibẹ̀ ni mo dúró sí ní ọjọ́ tí mo pinnu láti kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀yìn mi ni ilé olópòó ńláńlá tí ìjọba òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1925, tí wọ́n sì ṣí ní 1929, wà. Iwájú mi ni àwọn tí wọ́n ní a torí wọn kọ́ ilé náà wà. Láàrin ẹ̀yìn àti iwájú yìí ni ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò wà.

Ẹjọ́ náà kò gùn. Mo ní ìjọba ìbílẹ̀ tí kò bá ṣí ìwé owó rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tí ó ń gbowó lọ́wọ́ wọn kì í ṣe ìjọba ìbílẹ̀ rárá; agbowóòde ni. Mo sì ní àwa ará Ìbàdàn ti jẹ́ kí àwọn ẹlòmíràn máa bá wa ṣí ìwé yìí fún ọdún tí ó lé ní àádọ́rin, tí a kò sì tíì béèrè kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ fúnra wa.

Kí ni ó fa ọ̀rọ̀ yìí yọ? Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Àbújá dájọ́ pé gómìnà kankan kò lẹ́tọ̀ọ́ láti di owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ mú mọ́. Pé kí owó náà máa lọ tààrà sọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ 774 tí ó wà ní Nàìjíríà. Àti pé kò bófin mu kí gómìnà máa fi àwọn tí a kò dìbò yàn ṣàkóso wọn. Inú ọ̀pọ̀ ènìyàn dùn. Wọ́n ní òmìnira dé. Inú tèmi náà dùn, nítorí pé ojú wa ti rí nǹkan ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Láàrin 2011 sí oṣù Karùn-ún 2018, a kò dìbò yan alága kan ṣoṣo. Àwọn tí ìjọba ìpínlẹ̀ fọwọ́ mú ni wọ́n ń jókòó sórí àga. Nígbà tí a sì dìbò tán ní 2018, gómìnà tuntun tí ó dé ní 2019 lé àwọn tí a yàn dànù, títí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fi sọ ní oṣù Karùn-ún 2021 pé kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, n kò bá adájọ́ jà. Ohun tí mo ń bá jà ni ìgbàgbọ́ pé bí owó bá ti kúrò lọ́wọ́ gómìnà, tí ó dé ọwọ́ alága, ó ti dé ọwọ́ wa nìyẹn. Irọ́ ni. Bí a bá gba ẹran lẹ́nu kìnnìún tí a gbé e fún àmọ̀tẹ́kùn, ta ni yóò sọ pé ewúrẹ́ ti bọ́? Ìdájọ́ náà sọ ẹni tí owó yóò dé ọwọ́ rẹ̀. Kò sọ ẹni tí yóò béèrè ohun tí wọ́n fi ṣe. Ìbéèrè yẹn kù sí wa lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀yìn wò. Ní 1951, nígbà tí awuyewuye lórí oyè Sàlámì Àgbájé ti da ìlú rú, ìjọba rán òyìnbó kan, H. L. M. Butcher, wá ṣe ìwádìí nípa ọ̀nà tí wọ́n gbà ń ṣàkóso Ìbàdàn. Ní 1952, Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ṣe òfin ìjọba ìbílẹ̀ tuntun, ní ìgbà tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ mínísítà fún ọ̀rọ̀ náà. Lábẹ́ òfin yìí ni a ti dìbò yan Káńsù Ìbàdàn ní 1954, tí Adégòkè Adélabù sì di alága rẹ̀. Kò pẹ́ tí òyìnbó mìíràn, E. W. J. Nicholson, fi dé láti wá yẹ ìwé káńsù náà wò. Nígbà tí ó gbé àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1956, wọ́n tú káńsù ká. Àwọn ọmọlẹ́yìn Adélabù ní ọ̀rọ̀ òṣèlú ni. Àwọn alátakò rẹ̀ ní òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Kì í ṣe ẹjọ́ tí mo fẹ́ dá nìyí. Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni pé ìlú ń pín sí méjì lórí ohun tí ó wà nínú ìwé tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò rí kà.

Lẹ́yìn ọdún méjìlá, ní oṣù Kọkànlá 1968, àwọn àgbẹ̀ wọ Ìbàdàn láti abúlé, wọ́n dojú kọ Màpó. Owó orí ti wọ̀ wọ́n lọ́rùn, owó kòkó kò sì tó nǹkan. Wọ́n ń béèrè pé: ọ̀nà oko tí ẹ ní ẹ ń torí rẹ̀ gbowó lọ́wọ́ wa dà? Ìbọn ni ó dáhùn. Ẹ̀mí ṣòfò. Ìjọba ológun yan Adájọ́ Ayọ̀ọlá láti ṣe ìwádìí, ṣùgbọ́n rògbòdìyàn Àgbẹ́kọ̀yà kò rọlẹ̀ títí di ọdún kejì, nígbà tí wọ́n dín owó orí kù. Mo máa ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ pé kí wọ́n má rò pé ọ̀tẹ̀ àwọn tí kò fẹ́ san owó orí ni. Ọ̀tẹ̀ àwọn tí ó san owó, tí wọ́n kò rí ìṣirò rẹ̀ ni.

Ẹ wá wò ó: Butcher, Nicholson, Ayọ̀ọlá, àti ìdájọ́ 2024. Ìgbà mẹ́rin ni ilẹ̀kùn ṣí, ìgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó jẹ́ pé àwọn tí ó wà lókè ni wọ́n ṣí i. Bí wọ́n bá ti wo ohun tí wọ́n fẹ́ wò tán, wọ́n á tì í padà. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́: ojú olójú kò jọ ojú ẹni.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ kan, n kò ní í dárúkọ rẹ̀. Mo ní mo fẹ́ rí ètò ìṣúná ọdún náà. Akọ̀wé tí mo bá níbẹ̀ wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, “Bàbá, ta ló rán yín wá?” Mo ní kò sí ẹni tí ó rán mi. Ó ní, “Ẹgbẹ́ òṣèlú wo lẹ wà?” Mo ní n kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máa lọ sílé, pé ìwé yẹn kì í ṣe ohun tí ará ìta ń rí. Ará ìta! Ní ìlú tí a ti bí bàbá mi, tí a sì sin ín sí! N kò bínú sí ọmọ náà. Ó sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí ni. Síbẹ̀, láti 2011 ni òfin ti wà ní Nàìjíríà tí ó fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé ìjọba, tí ó sì fún ọ́fíìsì ní ọjọ́ méje láti dáhùn.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ó jìnnà sí ẹ̀mí wa. Àfikún Kẹrin ìwé òfin 1999 ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: ọjà, ibùdókọ̀, ilé ìpẹran, ojú ọ̀nà àdúgbò, gọ́tà, kíkó pàǹtírí, fífi nọ́ńbà sára ilé, kíkọ orúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀, ibi ìsìnkú. Láti orí ìkúnlẹ̀ abiyamọ títí dé ibojì ni. Ẹni tí ó bá sì ń béèrè ohun tí gọ́tà lè dà, kí ó bi àwọn tí omi Ògùnpa bá nínú ilé ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1980, ọjọ́ tí a ń pè ní Omíyalé. Kí ó tún bi àwọn tí àgbàrá bá ní oṣù Kẹjọ 2011. Òjò ń rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òjò kọ́ ni ó ń di pàǹtírí sójú odò. Owó tí wọ́n ní wọ́n fi ko gọ́tà ńkọ́? Ìwé rẹ̀ dà?

Àwọn kan yóò ní àṣà òyìnbó ni mo ń kì wọ ìlú. Òótọ́ ni pé òfin 1952 wò lára ti Gẹ̀ẹ́sì. Káńsù, alága, kánsílọ̀, ìgbìmọ̀ kéékèèké, ọ̀dọ̀ wọn ni a ti kó gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí a fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ní ìlú bíi Hastings, tí ó wà létí òkun ní gúúsù Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1960 ni òfin ti sọ pé kí ará ìlú máa wọlé jókòó wo ìpàdé káńsù. Lọ́dọọdún, àkókò wà tí olùgbé ìlú lè lọ sí káńsù kí ó ní, “Ẹ gbé ìwé owó yín wá kí n wò ó.” A kó àga wá, a kó aṣọ alága wá, a fi ìwé sílẹ̀ lókè òkun.

Bẹ́ẹ̀, ohun tí a fi sílẹ̀ yẹn kì í ṣe àjèjì sí wa. Ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó wà nínú àpò ṣòkòtò. Ìyá tí ó ń ta èlùbọ́ ní Ọjà'ba ń dá àjọ lójoojúmọ́. Alájọ ní káàdì, ìyá náà ní tirẹ̀. Bí alájọ bá ti gbowó, ó ń fa ìlà sí i. Ìyá náà lè má mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ ìlà kà. Ní ìparí oṣù, alájọ yọ owó ọjọ́ kan, ó kó ìyókù fún olówó. Bí ìlà kan bá dín, gbogbo ọjà ni yóò gbọ́, alájọ náà kò sì ní í ríbi forí pamọ́ sí. Ìyá yìí kan náà ni ó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ agbowó ọjà láràárọ̀, tí a sì sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ìṣúná ju òye rẹ̀ lọ. Ta ni a ń tàn?

Àwọn mìíràn yóò ní a kì í bi àgbà léèrè owó. Ní Ìbàdàn kọ́! Ìlú tí kò fi oyè Olúbàdàn ṣe ogún ọmọ ọba, tí ó jẹ́ pé láti orí oyè mọ́gàjí ni a ti ń gun àtẹ̀gùn náà ní ìpele ìpele, tí gbogbo ayé ń wo ẹsẹ̀ ẹni. Ẹni tí ó bá ń gun àtẹ̀gùn lójú gbogbo ènìyàn kò gbọdọ̀ máa ṣírò owó lábẹ́ aṣọ.

Ohun mẹ́ta ni mo ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún tí a fọ́ Ìbàdàn ìgboro sí ní 1991. Kí èyí tí ó jókòó sí Màpó sì kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Èkínní, kí wọ́n máa lẹ iye tí ó wọlé àti iye tí ó jáde mọ́ ara ògiri ní Ọjà'ba àti ní Bẹẹrẹ ní oṣooṣù, ní èdè Yorùbá, kí nọ́ńbà rẹ̀ tóbi. Èkejì, kí ìpàdé káńsù máa ní ìjókòó fún ará ìlú. Ẹ̀kẹta, ní ọdọọdún, kí alága dúró nínú Gbọ̀ngàn Màpó, kí ó ka ìṣirò ọdún náà sókè, kí ìyálọ́jà, mọ́gàjí, awakọ̀ àti akẹ́kọ̀ọ́ sì bi í ní ìbéèrè.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, kò sí èyí tí ó gba ẹgbẹ̀rún náírà mẹ́wàá níbẹ̀ tàbí òfin tuntun. Ìtìjú nìkan ni ó gbà, kí alága lójú tì láti jalè níwájú ìyá rẹ̀. Bí a kò bá béèrè rẹ̀ lónìí, owó tààrà láti Àbújá yóò dé, yóò sì lọ, ìgbìmọ̀ olùwádìí mìíràn yóò tún dé láti òkè wá bá wa ṣí ilẹ̀kùn. Èmi yóò padà lọ bá akọ̀wé yẹn. Bí ó bá tún bi mí pé ta ni ó rán mi wá, mo ti mọ ohun tí n óò wí: èmi ni mo ni ìwé náà.