Orin Ilé Kò Yẹ Kó Máa Dúró De Àlejò

Ohun a ní là ń náání. Ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Kò sí àgbàlagbà kan ní agbègbè Tchaourou tí òwe yìí ṣe àjèjì sí. Síbẹ̀, bí ọ̀rọ̀ bá kan orin, ìwà ọ̀pọ̀ ènìyàn kò bá òwe náà mu. Orin òkèèrè kún inú fóònù àwọn ọ̀dọ́, wọ́n sì mọ orúkọ àwọn tó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá bi wọ́n pé ẹgbẹ́ eléré wo ni àwọn òbí wọn jó sí nígbà èwe, díẹ̀ nínú wọn ló lè dáhùn. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti àwọn ọ̀dọ́ nìkan. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì tọ́jú, báwo ni ọmọ yóò ṣe mọ̀ ọ́n?

Ìtàn ẹgbẹ́ eléré kan ní Kútọnu fi èyí hàn kedere. Ní ọdún 1968, nígbà tí orílẹ̀-èdè Bénin ṣì ń jẹ́ Dahomey, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Clément Mélomé kó àwọn ọ̀dọ́ olórin jọ. Ó mọ gìtá ta, ó sì mọ fèrè fọn. Poly-Rythmo ni wọ́n sọ ẹgbẹ́ náà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni «onírúurú ìlù». Nígbà tó yá, wọ́n fi Tout Puissant ṣáájú rẹ̀, èyí tí í ṣe «alágbára jùlọ». Orúkọ ńlá ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn tó orúkọ náà.

Ní àkókò yẹn, orin Amẹ́ríkà, ti Faransé, ti Kóńgò àti ti Kúbà ń dún ní àwọn ilé ijó. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Poly-Rythmo gbọ́ gbogbo wọn, wọ́n sì kọ́ wọn. Bí wọ́n bá dúró síbẹ̀, aláfarawé lásán ni wọn ì bá jẹ́. Wọn kò dúró síbẹ̀. Wọ́n mú gìtá òyìnbó, wọ́n gbé e lé orí ìlù sato, èyí tí wọ́n máa ń lù láti fi rántí àwọn òkú. Wọ́n tún gbé e lé orí ìlù Sakpata, òrìṣà tí àwọn Yorùbá ń pè ní Ṣọ̀pọ̀ná. Wọ́n kọrin ní èdè Fọn, ní Mina, ní Faransé, àti ní Yorùbá pẹ̀lú. Orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ tó nǹkan bí 500.

Púpọ̀ nínú orin wọ̀nyí, Èkó ni wọ́n ti lọ gbà á sílẹ̀, ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ EMI. Ilé-iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni EMI í ṣe. Òun kan náà ló gba orin ẹgbẹ́ Beatles sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin láti ìlú Liverpool ni ẹgbẹ́ Beatles. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1960, wọ́n sì tú ká ní 1970. Ní 1973, ọ̀kan nínú wọn, Paul McCartney, wá sí Èkó fúnra rẹ̀ láti wá gba orin sílẹ̀. Fela bínú, ó ní ó wá jí orin àwọn ènìyàn Áfíríkà ni. Paul ní láti jẹ́ kí Fela gbọ́ ohun tó ti gbà sílẹ̀, kí ó lè gbà pé kò sí olè níbẹ̀.

Nítorí náà, ìyàtọ̀ tó wà láàárín Liverpool àti Kútọnu kì í ṣe ti ẹ̀bùn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí orin parí ni ìyàtọ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n tọ́jú ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ ẹni tó ṣe orin kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kọ ọjọ́ tí wọ́n gbà á sílẹ̀. Ẹni tí wọn kò tíì bí nígbà tí ẹgbẹ́ Beatles tú ká lè dárúkọ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lónìí.

Ti Kútọnu kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba ní 1972, òfin kónílé-ó-gbélé mú kí ilé ijó máa tètè tì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ẹgbẹ́ náà pàdánù Papillon, ẹni tí ń ta gìtá, àti Léopold Yehouessi, onílù wọn. Agbára ẹgbẹ́ náà dínkù, àwo orin wọn sì di ohun tí eruku ń bò. Ní ìgbà náà, ọ̀pọ̀ olórin ní Áfíríkà ló jẹ́ pé owó ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n gbà lórí orin wọn. Bí orin náà bá tà lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, kò sí ìwé tí wọn yóò fi béèrè ìpín tiwọn.

Ta ló wá jí ẹgbẹ́ náà dìde? Ọkùnrin kan láti Jámánì ni, Samy Ben Redjeb, tó wá ń wá àwo orin àtijọ́ kiri ní Bénin. Ó tún orin wọn tẹ̀ jáde láti 2008. Akọ̀ròyìn Faransé kan, Élodie Maillot, ló ṣètò bí wọ́n ṣe lọ ṣeré ní Yúróòpù ní 2009. Ní 2011, wọ́n gbé àwo tuntun jáde, Cotonou Club. Angélique Kidjo, ọmọ Bénin, kọrin nínú rẹ̀. Méjì nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Franz Ferdinand, ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì ńlá kan láti Skọ́tílándì, sì bá wọn ṣeré nínú rẹ̀. Wọn kò tíì bí àwọn ọ̀dọ́ méjì yìí ní 1968. Clément Mélomé kú ní 2012, lẹ́yìn tó ti rí ọlá yìí. Bí ikú bá mú un lọ ní ọdún mẹ́wàá ṣáájú, kì bá tí rí i.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí Tchaourou rárá. Ní Parakou, ìlú tí kò jìnnà sí Tchaourou lójú ọ̀nà àríwá, ẹgbẹ́ Super Borgou ti Moussa Mama kọrin ní èdè Bàrìbá àti Dẹ́ńdì ní àwọn ọdún 1970. Òkèèrè náà ni wọ́n ti kó orin wọn jọ sínú àwo kan ní 2012. Ìlú òkèèrè tún ṣáájú ilé.

Kò sí ohun tó burú nínú iṣẹ́ àwọn àlejò wọ̀nyí. Ọpẹ́ ló yẹ wọ́n. Ṣùgbọ́n àlejò kì í mọ gbogbo yàrá inú ilé. Àwo orin nìkan ni àlejò lè rà. Kò lè ra orin tí ìyá àgbà kan ń dá níbi ìgbéyàwó ní abúlé, tí àwọn obìnrin ń gbè é. Kò lè ra orin ìkórè, tàbí ìlù tí ó jẹ́ pé arúgbó méjì péré ló ṣì mọ̀ ọ́n lù. Kò sí àwo orin fún ìwọ̀nyí. Bí olórin bá kú, orin náà bá a wọlẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé iṣẹ́ ìjọba ni èyí. Òótọ́ ni pé ìjọba ní iṣẹ́ tirẹ̀. Bénin tilẹ̀ ní ọ́fíìsì tí ń bójú tó ẹ̀tọ́ àwọn olórin, BUBEDRA. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ìjọba kò lè dé gbogbo àgbàlá. Àwọn mìíràn yóò sọ pé orin àtijọ́ kò lè fún ni ní oúnjẹ. Ìtàn Poly-Rythmo já irọ́ ọ̀rọ̀ yẹn: orin tí wọ́n rò pé ó ti kú ló gbé àwọn arúgbó dé Lọ́ńdọ̀nù àti Paríìsì.

Àwọn tó yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ti wà nílẹ̀. Àwọn ni àgbà ọkùnrin àti obìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ìwé kíkà ní èdè abínibí wọn. Ìwé ìkọ̀wé kan àti bíírò kan tó. Kí ẹni tó mọ ìwé jókòó ti olórin àdúgbò rẹ̀. Kí ó kọ orúkọ rẹ̀, orúkọ ẹni tó kọ́ ọ, orúkọ àwọn onílù rẹ̀, àti ọ̀rọ̀ inú orin bí ó ti ń ti ẹnu rẹ̀ jáde. Kí ó kọ ọdún, kí ó kọ orúkọ abúlé. Bí fóònù bá wà, kí ó gba ohùn sílẹ̀ pẹ̀lú. Bí ẹnikẹ́ni bá sì gbé ìwé àdéhùn wá fún olórin náà, kí ó bá a kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí olórin tó tẹ ìka sí i.

Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Ní ayé àtijọ́, orí nìkan ni ibi ìpamọ́ orin, orí sì ń kú. Ní báyìí, ìwé ti dé ọwọ́ àwọn tó ni orin. Kí ilé kọ́kọ́ kọ orúkọ olórin rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí àlejò bá dé, yóò bá a níbẹ̀.